Ọtí Ọkà Kọ́ Ló Gbé Bàbá Mi Dé Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ìsánlú,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òkun o, bí àwa tibí ṣe ń kí ara wa.

Ọmọ ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ kan sí mi létí nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nítorí gíláàsì ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní Kàbbà. Ẹni tó kọ ọ́ ní ohun mímu kíkan tí àwọn ìyá wa ń ṣe nílé ni àṣírí ẹ̀mí gígùn àwọn baba ńlá wa. Ọtí ọkà bàbà tí àwọn kan ń pè ní bùrùkùtù, ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kúnú, omi ògì, gbogbo rẹ̀ ló dà sínú igbá kan ṣoṣo. Ó ní kí àwa àgbà padà sídìí rẹ̀ kí a lè pẹ́. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé kí n sáré lọ ra bùrùkùtù wá fún yín?" Mo ní kó fún mi ní bírò.

Kí n tó kan ọtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọdún, torí ibẹ̀ ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì wà lára àwọn tó pa á.

Bàbá mi kú ní 1994. Ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ sọ pé ẹni ọdún 103 ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́, nítorí èmi ni olùkọ́ nínú ilé. Bí a ṣe rí iye yẹn nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìwé owó orí kan tí bàbá gbà nígbà ayé òyìnbó. A ní ọkùnrin kì í san owó orí àfi tó bá ti di géńdé, a fi ogún ọdún lé e. Àbúrò bàbá mi ní rárá o, pé bàbá ti gbé ìyàwó méjì sílé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí san án, torí inú oko ni wọ́n máa ń sá sí tí agbowó orí bá dé. A tún fi mẹ́wàá lé e. Nígbà tí a wá rí i pé ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò dúró sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún? Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó ṣírò rẹ̀ dáadáa, mo fi ọjọ́ orí àkọ́bí rẹ̀ wò ó, mo fi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó. Bàbá mi kò ju ẹni ọdún 84 lọ.

Èmi gan-an ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ sílé ìwé, olùkọ́ ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí kí n fi kan etí òsì. Ọwọ́ mi kò tó o. Wọ́n ní kí n padà sílé lọ jẹ iyán sí i. Ní ọdún kejì, ìka àárín mi kan etí, olùkọ́ bá kọ 1951 sílẹ̀, ó fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tì í. Ìdajì kíláàsì wa ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà! Títí di òní, tí ọdún tuntun bá ti mọ́, àwọn ọmọ mi á fi ìkíni ọjọ́ ìbí ránṣẹ́, èmi náà á dúpẹ́. Láì kúrò lójú kan, mo ti jẹ́ ará Àríwá, mo ti jẹ́ ará Kwara, láti 1991 ni mo sì ti di ará Kogí. Ìjọba ń yí ìpínlẹ̀ mi padà, olùkọ́ ló fún mi ní ọjọ́ orí. Torí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọtí ló ń gbé àwọn baba wa dé ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, ta ló ka ọdún náà?

Akọ̀wé yín tún fa ọ̀jọ̀gbọ́n kan yọ, Elie Metchnikoff, ará Rọ́ṣíà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris. Ó ní wàrà kíkan ló fún ọkùnrin náà ní ẹ̀bùn Nobel. Mo kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, n kò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Metchnikoff gba Nobel ní 1908, òun àti Paul Ehrlich. Ohun tí wọ́n fún un fún ni bí ó ṣe rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Wàrà kò sí níbẹ̀. Ti wàrà jẹ́ èrò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gbà pé àwọn ará oko Bọ̀lìgéríà ń pẹ́ láyé nítorí wàrà kíkan tí wọ́n ń mu, òun náà sì ń mu ún. Ó kú ní 1916, ẹni ọdún 71. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti kọjá iye yẹn, ní ti ìwé olùkọ́ mi. N kò fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Pé kòkòrò wà nínú ìfun tó ń ṣe wá lóore, ọ̀rọ̀ gidi ni, wọ́n ṣì ń tẹ̀lé e títí di òní. Àmọ́ àwọn ará oko Bọ̀lìgéríà yẹn, mo fẹ́ mọ ẹni tó ka ọdún wọn. Bóyá àwọn náà ní ẹ̀gbọ́n tó di ìwé owó orí mọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọtí. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ ọjà kọjá láì jókòó ní ìsọ̀ ọlọ́tí ọkà. Ikùn rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè. Ẹni ọdún 52 ló kú. Ti òun dá wa lójú, ọsibítù ni wọ́n bí i sí, ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú àpótí. Kò sí oníròyìn tí yóò wá bi irú rẹ̀ léèrè ohun tó ń mu, torí pé ó ti lọ. Àgbàlagbà mẹ́ta tó ṣẹ́kù lórí àga ọlọ́tí ni wọ́n máa ń rí, àwọn yẹn náà ló sì máa ń sọ pé ọtí ló gbé àwọn ró.

Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ń pọn ọtí ọkà, ìyẹn ni mo fi mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń pọn ọ́n, nítorí láti ìgbà tí Tommy Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere ti ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908 ni ìjọ ti ń wàásù fún àwọn ará Yàgbà pé ọtí kò dára, ìyá sì jẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í pa ìsìn jẹ. Owó ọtí yẹn ló rán ọkọ mi nílé ìwé. Alàgbà ìjọ mọ̀, ó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkà bàbà pupa ló ń lò. Á dà á sórí àtẹ, á máa ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dúdú tàbí tó ti bu, kò ní fún adìẹ pàápàá. Á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, á gbọ̀n ọ́n gbẹ, á tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, á fi ewé mìíràn bò ó. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́, á wọ́n omi sí i. Tó bá fi di ọjọ́ kẹrin, tí ẹ bá ṣí ewé náà, ooru á gbá yín lójú, gbòǹgbò funfun á ti so kọ́ra wọn bí irun arúgbó tí ìyarun kò kàn. Á wá sá a sóòrùn títí tí yóò fi gan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kí èéhù rẹ̀ lè bọ́ dànù. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ti rí ewúrẹ́ tó jẹ ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù?" Mo ti rí i. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi kú. Oró kan náà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti gbágùúdá tútù, sáyánáìdì. Bíbọ́ èéhù dànù àti sísè ló ń dín in kù. Ìyá ọkọ mi kò mọ orúkọ yẹn, kò sì bá a wá orúkọ.

Lẹ́yìn èyí ló kan lílọ̀, ká pò ó mọ́ omi àti gààrí, kó wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ méjì. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá á tẹ etí sí ara ìkòkò bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà ọmọ. Mo tẹ etí tèmi síbẹ̀ nígbà kan: ohun tí mo gbọ́ dà bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé kókò, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. "Ó ń sọ̀rọ̀," ni ìyá máa ń wí. Wákàtí mẹ́rin ni yóò lò lórí iná lẹ́yìn náà, yóò tún sùn fún ọjọ́ méjì kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìyá fúnra rẹ̀ á ti ìka kan bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á tu ú sílẹ̀, á nu ẹnu. N kò rí i kó mu igbá kan rí. Ó pẹ́ láyé ju gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò ní sọ iye ọdún rẹ̀ fún yín.

Ta ló ń ráyè ṣa ọkà lórí àtẹ lónìí? Àpò ni wọ́n ń dà sínú omi, pẹ̀lú èyí tó bu nínú rẹ̀. Oró inú ọkà tó bu, aflatoxin tí wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Sísè kì í pa á, bí ohun mímu náà tilẹ̀ kan gógó, kò túmọ̀ sí pé oró ti lọ. Kí ẹni tó ń mu ọtí, tí ọtí fúnra rẹ̀ ti ń bá ẹ̀dọ̀ jà, tún wá fi ìyẹn kún un!

Ti àgbà wá yàtọ̀ pátápátá. Omi inú ara àgbàlagbà kò tó ti ọ̀dọ́ mọ́, nítorí náà igbá ọtí kan náà tí ọmọ ọgbọ̀n ọdún mu tí kò mira, ó le nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa jù ú lọ. Ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ẹ fi ojú tí kò ríran lálẹ́ kún un. Àbúrò ìyá mi lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Mọ̀pà, wọ́n fún un ní ọtí ọkà, igbá méjì péré, pé ti ìbílẹ̀ ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ló ṣubú sí. Egungun ìbàdí ṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà lórí ẹní, obìnrin tó ń rìn lọ sóko fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tún dá rìn mọ́ títí ó fi kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ ní oṣù kìíní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí ènìyàn lè pè ní aláìléwu. Wọn kò yọ ti ìbílẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé mo bínú sí gbogbo ohun tó bá kan. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ akọ̀wé yín ni pé ó pọ́n ọtí lé ní ìlà ogún, ó sì mẹ́nu ba omi ògì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo rò pé ó bá àgbà mu, òun náà ni àwọn ọmọ wa ń dà sí gọ́tà. Ẹ wo obìnrin tó bá ń ta ògì láàárọ̀: á gbọ́n omi orí rẹ̀ dànù kí ògì lè ki, kí oníbàárà má baà sọ pé omi ló tà fún òun.

Omikan ni à ń pè é nílé wa. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Àgbàdo funfun ni, mo máa ń ṣà á bí ìyá ọkọ mi ṣe ń ṣa ọkà. Ọjọ́ mẹ́ta nínú omi. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, mo sì máa ń dúró lé e lórí títí á fi fọ ẹ̀rọ náà, torí bí kò bá fọ̀ ọ́, ata ẹni tó lọ̀ ṣáájú mi á bá mi délé. Omi tí mo fi ń sẹ́ ẹ, mo ti sè é mo sì ti jẹ́ kó tutù. Kànga wa kò ṣe é gbọ́kàn lé lásìkò òjò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ di ọjọ́ kejì. Omi tó bá dá wà lókè, tó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tó ń ta sánsán, òun ni. Ìdajì ife, láàárọ̀, kí n tó jẹun. Kò sí ṣúgà, kò sí oyin.

Kí ló ń ṣe fún mi? N kò ní parọ́, mo ti pa èyí tó pọ̀ tó lórí bàbá mi. N kò lè sọ pé ó wo ohunkóhun sàn. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé láti ìgbà tí eyín mi mẹ́rin ti lọ tí oúnjẹ kò fi wù mí mọ́, kíkan rẹ̀ máa ń jẹ́ kí itọ́ sun lẹ́nu mi, ẹnu mi á rántí pé òun ní iṣẹ́. Ìgbẹ́ mi kì í sì í le bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí ìwé, ohun kékeré kọ́ nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́ja ló sọ ìwádìí kan fún mi tí àwọn ará Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2021. Ènìyàn 36 tí ara wọn dá ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: àwọn kan ń jẹ oúnjẹ oníhóró àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀, àwọn kan ń jẹ ohun kíkan bíi yógọ́ọ̀tì. Àwọn tó jẹ ohun kíkan, oríṣiríṣi kòkòrò rere pọ̀ sí i nínú ìfun wọn, àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé wíwú àti ìgbóná wà nínú ara sì dínkù. Ó dára, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní bùrùkùtù. Wọn kò fún wọn ní omikan náà, ni ọmọ mi wí, torí náà kí n má yangàn jù.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tèmi kó tó di pé ẹlòmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò mi. Ní oṣù kẹta tó kọjá, tí ooru mú gan-an, ọmọ ọmọ mi kan náà yìí ní omikan kò dùn, pé òun á bá mi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìgbàlódé. Ó fi atalẹ̀ sí i, ó fi èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, ó bu ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, ó rọ ọ́ sínú ìgò gíláàsì, ó dé e pinpin. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó, mo ń wò ó. Ní bí aago méjì òru, gbàù! Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí fún wa lápá ibí lásìkò yìí, ìró kékeré ń lé ènìyàn sábẹ́ ibùsùn. Abẹ́ ibùsùn ni mo wà nígbà tí aládùúgbò mi fi dé tòun ti àdá. Nígbà tí a tan iná sí ilé ìdáná, àfọ́kù ìgò ti gún àjà, ọ̀pẹ̀yìnbó lẹ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ilé ń rùn bí ìsọ̀ ọlọ́tí. Ìwúkàrà ló jẹ ṣúgà náà, tó sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà jáde. Bó bá jẹ́ ojú òsán ni, tí ọmọ náà sì dúró sí tòsí! Láti ọjọ́ yẹn, ìkòkò tí a fi aṣọ bò lẹ́nu ni mò ń lò.

Ṣúgà yẹn náà ló wà nínú kúnú ìgò tí wọ́n ń tà lójú títì. Nígbà tí mo ń mu ún lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò mí, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń mu?" Mo ní kúnú ni, ti ìbílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọmọ mi ṣe rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí akọ̀wé yín bá tún fẹ́ kọ nípa ohun mímu ilé, kó dárúkọ èyí tó ń sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ èyí tó ń pa ènìyàn àti èyí tí kò ń pa, kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ọkà rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ fi bàbá ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rí, kó bèèrè ìwé ìbí.

Bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi orúkọ mi pa mọ́. Òkúta orí ibojì bàbá mi ṣì ní 103 lára, àwọn àbúrò mi ló sì san owó òkúta náà.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú.